Ẹni Tó Ń Bá Ọnọ́rébù Kúnlẹ̀

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kúnlẹ̀ lórúkọ ẹni méjì nídìí òṣèlú. Bí a bá dé iwájú àgbà, mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ara mi, n óò dìde, n óò tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, n óò sì sọ pé ẹ̀gbọ́n mi náà ń kí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò tẹ orí ba, yóò sì di agbòjò rẹ̀ gígùn mú. Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni nígbà náà, ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ọnọ́rébù ni gbogbo Mowe àti Ibafo ń pè é. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àbúrò Ọnọ́rébù, mo sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é, torí ó jù mí lọ, ìyá wa kò sì bí ọmọ tí kò mọ àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ "wọ́n" níbi gbogbo nínú ìwé yìí, òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, "ó" ni n óò máa kọ. Bó bá kà á tó bínú, ó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

Ifo ni wọ́n bí wa sí, lápá ibi tí reluwé ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sáré káàkiri àgbàlá nígbà tí ibà kan mú un. Nígbà tí ibà náà lọ, ó mú agbára ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìyá wa ló fi ṣe ẹsẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ilé-ìwé, kí wọ́n tó ṣe irin fún un ní ọsibítù: irin méjì tó ti itan dé bàtà, pẹ̀lú awọ tó dè é mọ́ orúnkún. Bí irin yẹn bá wà lẹ́sẹ̀, orúnkún kò lè ká. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò lè gbé e dúró. Ìdí tí kò fi lè kúnlẹ̀ nìyẹn, kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀.

Ìyá wa ló kọ́ mi ní kíkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ òun kò sì ní di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ayé nítorí ẹsẹ̀. Ní Ifo, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tán, àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní, "A ti gba tìrẹ, a ti gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ." Mo gbádùn rẹ̀ nígbà náà. Ó dà bí ẹni pé orúnkún mi níye lórí ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ilé ọkọ ló gbé ẹ̀gbọ́n mi dé Mowe. Tíṣà ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Ifo, mo wá gba ṣọ́ọ̀bù sí Ibafo kí n lè wà nítòsí rẹ̀. Mowe kì í ṣe Ifo. Ará Ọ̀yọ́ ni onílé tó wà níwájú, ará Ọ̀ṣun ni ayálégbé tó wà lẹ́yìn, gbogbo wa jẹ́ àlejò ara wa, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́ ní kékeré. Èyí tù ú lára. Ó sọ fún mi nígbà kan pé Mowe ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo ojú òun kí wọ́n tó wo ẹsẹ̀ òun; ìró tó ń ró lọ sílé-ìwé bo irin náà, àfi bó bá jókòó ló máa ń yọ.

Ọ̀rọ̀ afárá kékeré kan ní Lotto, àdúgbò kan nítòsí wa, ló sọ ọ́ di olóṣèlú. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé kò lè kọjá. Ó dìde ní ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, ó sọ̀rọ̀ débi pé àwọn ọkùnrin tó ti ń tòògbé jí. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, mi ò ní tan yín. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé. Wọ́n ní àwọn ń wá obìnrin tó kàwé, tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò ní ọ̀tá ní àdúgbò.

Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń jẹ obì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, dúró lẹ́yìn àwọn yòókù lọ́jọ́ kan. Ó wo ìsàlẹ̀ àga tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé. Ó ní, "Mádààmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bo irin yẹn. Orin tí wọ́n máa fi bú wa ti wà lẹ́nu àwọn alátakò: ẹni tí ò lè dúró, kí ló fẹ́ dúró fún?"

Inú bí mi. Mo ní kí ó gbé obì rẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun rán ìró tó gùn délẹ̀, kí n fi aṣọ kejì tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí irin má baà yọ. Mo rán an. Mo rán púpọ̀. Ó ra agbòjò gígùn kan tó fi ń ṣe ọ̀pá, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn kò mú un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, ẹsẹ̀ kan yóò kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ kí èkejì tó tẹ̀lé e, àwọn èèyàn sì ní ìrìn ọlọ́lá ni. Oníbàárà mi kan ní Ibafo tilẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi lè kọ́ ọmọ òun obìnrin ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ojú wọn mú jù ní orúnkún àgbà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé ìbò.

Ó ṣiṣẹ́. Afárá Lotto parí, omi ẹ̀rọ dé ilé ìwòsàn kékeré kan, ó sì jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tíṣà débi pé wọ́n ń gbàdúrà fún un. Ní ilé aṣòfin, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé sórí ìjókòó, òun náà ló máa ń kẹ́yìn dìde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí ó ṣe ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, yóò di etí tábìlì mú, yóò gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, yóò sì kọjú sí Abẹnugan bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀, kò sọ ẹyọ kan nípa àwọn akanda ẹ̀dá. Mo bi í ní ìdí rẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá ti dárúkọ ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa gbọ́ lẹ́nu mi." Mo ní ta ni kó wá sọ ọ́ nígbà náà. Ó gbé agbòjò rẹ̀ lé itan, ó ń wo ojú ọ̀nà títí a fi dé Owódé Ẹ̀gbá.

Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ ń lọ sópin, ó fẹ́ padà. Ó fẹ́ ẹ gan-an. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ibẹ̀ ni ayé ti ń fi etí sí i. Obìnrin mìíràn náà fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, ọmọ ìdílé oníṣòwò kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní agbègbè wa. Obìnrin yẹn mọ ìkúnlẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àgbà kò tíì rí i tán tí orúnkún rẹ̀ yóò ti wà nílẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti gbọ́ ìròyìn náà. Obìnrin kan tí mo ń wọn bùbá fún, tó ti ibòmíràn wá, tí kò mọ ẹni tí mo jẹ́, ló ń sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní ìgbéraga ti pa Ọnọ́rébù. Ó ní kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ baba tó bí ọba, ó ti wá gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń bá a kúnlẹ̀, tó ń san owó oṣù fún. Mo wọn àyà obìnrin náà, mo wọn apá rẹ̀, n kò mọ ohun tí mo wọ̀n mọ́. Mo kúkú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ràn bí iná. Fún àwọn èèyàn wa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí èèyàn rí àgbà kó má kúnlẹ̀. Olè, wọ́n lè bá a dọ́gbọ́n. Ìgbéraga, rárá.

Mo sáré lọ bá a nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ òótọ́, kí a tú gbogbo ìró yẹn ká, kí wọ́n rí i. Ó ní ó ti pẹ́ jù, wọn yóò ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fi àrùn tọrọ ìbò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn àgbà ẹgbẹ́ pe àwọn obìnrin méjèèjì sí gbọ̀ngàn kan ní Owódé, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò gbé orúkọ rẹ̀ síwájú. Ọ̀sán gangan ni, fáànù kò ṣiṣẹ́. Obìnrin kejì ti wọlé, ó ti kúnlẹ̀, wọ́n ti súre fún un, ó ti jókòó. Ni wọ́n bá pè wá.

Mo kúnlẹ̀ fún ara mi. Mo dìde. Bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bàbá tó jókòó láàárín nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìwọ, lọ jókòó. A ti gba tìrẹ." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ lóògùn tó korò. "Ọmọ mi, ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í ga ju ẹni tó rán an lọ. A ti ń wò ọ́ tipẹ́. Kúnlẹ̀ fún wa lónìí, kí ọ̀rọ̀ yìí tán nílẹ̀."

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo pa á dé. Mo ń gbàdúrà nínú ara mi pé kó ká ìró yẹn sókè, kó fi irin hàn wọ́n, kí a máa lọ sílé. Kò ká a sókè. Ó fi agbòjò lé mi lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn àga oníke kan mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ká. Ti òsì kò ká, ó na gbọọrọ síwájú, ìró fà sókè, irin yọ, awọ yọ, bàtà alátẹ̀lẹ̀ nínípọn yọ. Àga náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kù, ó ṣubú ni, ẹ jẹ́ kí n pè é ní orúkọ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tilẹ̀.

Láti ilẹ̀ yẹn ló ti ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá."

Ẹnu bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ ìre gẹ́gẹ́ bí ẹnu àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó ní ayé yóò yẹ ọ́, Ọlọ́run yóò gbé ọ dì... Ojú rẹ̀ sì dé orí irin. Ìre náà dúró síbẹ̀. Ó ní, pẹ̀lú ohùn kékeré, "Dìde."

"Bàbá, ẹni tó bá ní kí n kúnlẹ̀, òun ni yóò gbé mi dìde."

Mo ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ sí mi pé kí n dúró. Bàbá náà gbìyànjú láti dìde lórí àga, ara rẹ̀ kò gbà. Níkẹyìn, ọkùnrin méjì ló ki ẹ̀gbọ́n mi ní abíyá, wọ́n gbé e bí àpò. Obìnrin tí a jọ ń du ipò ló wá tún ìró rẹ̀ ṣe, ó bo irin náà jẹ́jẹ́, omi wà lójú rẹ̀. N kò gbàgbé ìyẹn fún un. Bàbá bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní èèyàn wọn kan ló ní kí òun bo irin náà.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ti di tiwa. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní fún un? Mo ti ń ro aṣọ tí n óò rán fún ọjọ́ ìbúra.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n rán àwọn kan wá sílé ní Mowe. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ tó ní òróró. Wọ́n ní bàbá kò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbogbo wọn, àwọn kò mọ̀ pé ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nìyí, kò sì yẹ kí àwọn tún di ẹrù lé ẹni tí Ọlọ́run ti di tirẹ̀ lé lórí. Kó lọ sinmi. Obìnrin kejì ni wọn yóò lò. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí n fún wọn ní mọ́ọ̀tì mu. Mo fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fi sínú fìríìjì kó tutù.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó jókòó síbi tó wà. Ó ní, "Ìgbéraga ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn mí, mo wá èsì fún ìyẹn. Àánú yìí, mi ò rí èsì fún un." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò rí i kí ó sunkún nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, bóyá ó ti sun ún níbi tí n kò sí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi náà ń sunkún, inú sì ń bí mi sí gbogbo ayé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni obìnrin kan wá. Àwọn tó ń lọ sí Kámpù, ibùdó àdúrà ńlá tó wà lójú ọ̀nà wa, fún ìsìn àṣemọ́jú ti dí gbogbo márosẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ni òun fi rìn láti Lotto. Ará Ìwó ni, ìyàwó bíríkìlà, ó fi híjáàbù borí. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ èmi ni ó kọjú sí nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni òun wá rí.

Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àna ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí ọmọ òun. Ọkọ náà fẹ́ràn ọmọ yìí, bàbá ọkọ kò ní wàhálà. Àwọn àǹtí ọkọ ni wọ́n ń sọ pé ìyàwó tí kò bá lè kúnlẹ̀ fún àna, kò tíì wọ ilé ọkọ. Òun sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Owódé, gbogbo Lotto ló ti gbọ́. Wọ́n ní Ọnọ́rébù náà ní irin lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ní ẹnì kan wà tó ń bá a kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bá ọmọ mi kúnlẹ̀. Kí lẹ máa ń gbà?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ìbínú náà fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè, mo rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin arẹwà ni, ó fi èjìká ti òpó, ó fi ọ̀pá igi kan há abíyá. Kò sí irin lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ náà kàn rọ̀ sílẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń gbé ní Lotto. Ilé kẹta sí afárá ni. Afárá tirẹ̀. Ó ti dúró níbẹ̀ kí àwọn èèyàn níjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ìyá ọmọ ní àwọn wà nílé lọ́jọ́ náà, ọmọ gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá, òun ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jáde. Ó ní, "Bí a bá mọ̀ pé irú wa ni yín, à bá ti wá tipẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀pá igi tó wà lábíyá ọmọ náà. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kódà ní Owódé.

Mo ti ń sọ fún ìyá náà pé n óò wá, pé kò sí owó kankan níbẹ̀, kí ni orúnkún mi wà fún, aago mélòó ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá." Gbogbo wa yí padà wò ó.

"Ẹnikẹ́ni ò ní bá a kúnlẹ̀. Èmi ni màá bá a dúró."

Lọ́jọ́ Àìkú a lọ. Yàrá náà kún, àwọn àna jókòó lórí bẹ́ńṣì àti ẹní. Nígbà tó tó kí ìyàwó jáde wá kí àna, òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ jáde, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì dúró níwájú bàbá ọkọ. Wọ́n tẹ orí ba. Wọ́n kí i. Àwọn àǹtí náà wo ilẹ̀, wọ́n wo bàbá, wọ́n ń dúró de ohun tí yóò sọ. Mo wà lórí ẹní pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú kí n má baà fò dìde lọ bá wọn kúnlẹ̀.

Bàbá náà wò wọ́n pẹ́. Ó nawọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ìre, ó ń bá a bọ̀ títí ó fi dé ibi tí à ń sọ fún ìyàwó pé kó dìde. Ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bí ẹ ṣe dúró yìí, ẹ ò ní ṣubú."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo tú ọwọ́ mi kúrò lórí orúnkún.